Bí Ààrò Iná Mànàmáná Bá Kọ̀ Tí Kò Gbóná

   Ọ̀ràn tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí jẹ mọ́ ààrò iná mànàmáná, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní ófùnù. Àwọn obìnrin tí ń ṣe kéèkì àti míìtì páì tà ní ìlú wa Ìléro níhìn-ín ti dá mi dúró lọ́nà lọ́pọ̀ ìgbà láti bi mí pé, "Tíṣà, kí ló dé tí ààrò mi kò gbóná mọ́?" Bí wọ́n bá béèrè tán, ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé àwọn ti náwó lé e, owó ti lọ, ààrò kò sì gbóná síbẹ̀.

Ìdáhùn mi kò gùn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ààrò yín kí ẹ tó wo iná tí ń wọ inú rẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Nínú àwọn ààrò tí wọ́n máa ń sọ pé ó ti kú, ọ̀pọ̀ ni kò kú rárá; ebi iná ló ń pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ààrò yìí àti èyí tí a bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Ààrò alámọ̀ tàbí oníbíríkì tí àwọn oníbúrẹ́dì ń fi igi dáná sí, ògiri rẹ̀ nípọn, ó sì ń fi ooru pamọ́. Bí igi bá jó tán, tí wọ́n bá wa ẹyin iná kúrò, ògiri yẹn á ṣì máa yan búrẹ́dì fún wákàtí púpọ̀. Ti iná mànàmáná kò rí bẹ́ẹ̀. Páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ni ara rẹ̀, kò ní àká tó lè fi ooru pamọ́ sí. Bí ó bá ti ń gba iná ni ó ń ná an. Bí oúnjẹ rẹ̀ bá dín kù níṣẹ̀ẹ́jú kan, ní ìṣẹ́jú yẹn náà ni ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.

Kí ló ń mú un gbóná? Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókè nínú rẹ̀, òmíràn wà nísàlẹ̀. Ìyẹn ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní élímẹ́ǹtì. Inú ọ̀pá náà ni wáyà kan wà tó lọ́ bíi sípíríìnì, ìyẹ̀fun funfun kan tó ń jẹ́ magnesium oxide ni wọ́n sì kì yí i ká. Ìyẹ̀fun yìí ń jẹ́ kí ooru jáde, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí iná mànàmáná jáde, kí ó má bàa gbé ẹni tó ń lò ó. Wáyà tí mo wí yìí kì í ṣe bàbà. Àdàlù nickel àti chromium ni, èyí tí ọmọ Amẹ́ríkà kan, Albert Marsh, gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní 1906. Wáyà yìí ń ṣe agídí sí iná tó fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, agídí yẹn ló sì ń di ooru. Ó lè pọ́n fòò lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀ kó tó já.

Agbára tó ń ti iná wọlé ni a ń fi fóòtì wọ̀n. Ẹ wò ó bí omi inú táńkì. Bí táńkì bá wà lókè gíga, omi á tú jáde ṣàà. Bí ó bá wà nílẹ̀, omi á máa ro tó-tó-tó. Ní Nàìjíríà, 230 fóòtì ni iye tí wọ́n ṣètò pé kó máa wọ ilé wa. Ẹ wo ẹ̀yìn ààrò yín, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ irú iye bẹ́ẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú iye wáàtì tó ń jẹ.

Láti 1841 ni James Joule, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ́ wa bí ooru ti ń jáde lára wáyà tí iná ń gbà kọjá. Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mú lọ sílé nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé: bí fóòtì bá dín kù di ìdajì, ooru kò ní ku ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni yóò kù. Ààrò 2,000 wáàtì tó yẹ kó gba 230 fóòtì, bí iná bá já wá sí 160, nǹkan bí 970 wáàtì ni yóò máa rí lò, èyí kò tó ìdajì. Bí ó bá já wá sí 115, ó di 500. Bẹ́ẹ̀ ni kéèkì ń fẹ́ ooru tó tó 160 sí 180 lórí ìwọ̀n Celsius, búrẹ́dì sì ń fẹ́ 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara ààrò ń tú ooru sí afẹ́fẹ́ nígbà gbogbo. Bí èyí tó ń tú síta bá ti bá èyí tó ń wọlé dọ́gba, ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Bí ẹ jókòó tì í di àfẹ̀mọ́júmọ́, kò ní gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ ti oníkéèkì kan ní àdúgbò wa. Owó àjọ ni ó fi ra ààrò tòkunbọ̀ kan ní Ìbàdàn, ó sì fi òwò náà rán ọmọ méjì nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tó yá, kéèkì kò wú mọ́. Ó pe oníṣẹ́ iná kan. Ìyẹn ní élímẹ́ǹtì ti jó, ó gba owó méjì tuntun. Kò gbóná. Ó tún ní ẹ̀yà tó ń ṣọ́ ooru ló bàjẹ́, ó gba owó ìyẹn náà. Kò gbóná síbẹ̀. Kéèkì ìgbéyàwó tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀ sì kù sí ọ̀túnla. Ó wá bá mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ẹni tó máa rà á, kódà kó jẹ́ àwọn onírin àlòkù. N ó fi owó rẹ̀ dá ti oníyàwó padà."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní sùúrù. Ìgbà wo lẹ máa ń yan kéèkì?" Ó ní lẹ́yìn tí òun bá ti ọjà dé ni, ní nǹkan bí aago méje alẹ́. Mo mú mítà kékeré tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lọ síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ààrò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, mo wọn iná ibẹ̀: 150 fóòtì. Mo padà lọ ní aago márùn-ún ìdájí: 215. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́. Lálẹ́, ààrò 2,000 wáàtì náà ń rí nǹkan bí 850 jẹ. Ní ìdájí, ó ń rí nǹkan bí 1,750. Mo ní kó po kéèkì rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó là. Kéèkì náà wú, ó pọ́n, oníyàwó sì gbé e lọ. Ààrò yẹn kò ní àrùn kankan láti ọjọ́ yìí wá. Owó élímẹ́ǹtì méjì àti iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó dè é ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò sì lè padà. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Kí ló ń mú iná rọ lálẹ́? Àsìkò yẹn ni gbogbo ilé ń tan gílóòbù, fáànù, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà tó ti ibi tiransifọ́mà wá náà ń ṣe agídí tirẹ̀. Bí ó bá ṣe gùn tó, tí ó sì tín-ín-rín tó, bẹ́ẹ̀ ni fóòtì ń ṣòfò lójú ọ̀nà tó. Ilé tó wà nídìí tiransifọ́mà á jẹ àjẹyó, ilé tó wà níparí wáyà á jẹ àjẹkù.

Àmọ́ ṣá, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀bi máa ń wà lára iná. Nítorí náà ẹ gba ìgbésẹ̀ méje yìí, láti ara ògiri wọ inú ààrò, kí ẹ sì tẹ̀ lé wọn lẹ́sẹẹsẹ.

Èkíní, ẹ wo iná fúnra rẹ̀. Ẹ má fi fóònù dán an wò o! Wọ́n kọ ọ́ sí ara ọ̀pọ̀ ṣájà fóònù pé láti 100 dé 240 fóòtì ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Fóònù lè máa gba iná wọ̀ọ̀rọ̀wọ́ níbi tí ààrò ti ń kú lọ. Ọ̀pọ̀ gílóòbù funfun òde òní náà kì í fi àìlera iná hàn. Gílóòbù àtijọ́ oníwáyà ló ń sòótọ́: bí ó bá pọ́n bí ẹyin iná, iná kò tó. Èyí tó dára jù ni kí oníṣẹ́ iná fi mítà wọ̀n ọ́n nígbà tí ààrò ń ṣiṣẹ́. Iná mìíràn wà tó máa ń dúró ní 220 nígbà tí kò ru ẹrù, tí yóò sì wó lulẹ̀ gbàrà tí ẹrù bá gùn ún.

Èkejì, ẹ wo púlọ́ọ̀gì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa súwíìṣì, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ wò ó. Bí ó bá gbóná janjan, tí ó dúdú lẹ́sẹ̀, tàbí tí ó ń rùn bíi rọ́bà tó jó, ibẹ̀ ni ooru yín ti ń ṣòfò. Ibi tí wáyà kò bá ti dè dáadáa, ooru á máa bí síbẹ̀ dípò inú ààrò. Fíúsì inú púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í ju 13 áńpù lọ, kò sì lè gbé ju nǹkan bí 3,000 wáàtì. Ààrò ńlá tó jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní wáyà tó nípọn tirẹ̀ láti ìdí mítà wá. Ẹ má sì fi wáyà ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ ààrò. Òun náà ń jẹ nínú iná kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo aago rẹ̀. Ààrò tó ní aago onínọ́ńbà lójú, bí iná bá lọ tó sì padà dé, aago náà á máa ṣẹ́jú. Púpọ̀ nínú irú ààrò bẹ́ẹ̀ kì í gbóná títí a ó fi tún aago náà tò. Gílóòbù inú rẹ̀ lè tàn, kí fáànù máa yí, síbẹ̀ ooru kò ní sí. Ní ilẹ̀ tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá ni! Àwọn kéékèèké tí à ń gbé sórí tábìlì ní bọ́tìnnì ìṣẹ́jú tiwọn. Bí ìyẹn bá wà lórí òdo, bó ti wù kí ẹ yí bọ́tìnnì ooru tó, asán ni.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo bọ́tìnnì tó ń yan irú iná tí ẹ fẹ́. Ibì kan wà lára rẹ̀ tó jẹ́ ti gílóòbù nìkan, ibì kan sì wà lára òmíràn tó jẹ́ ti fáànù nìkan, fún yíyọ́ ẹran tó dì. Ọmọ lè fọwọ́ yí i kúrò nígbà tó bá ń nu ààrò.

Ẹ̀karùn-ún ni élímẹ́ǹtì. Bí kéèkì bá jó lókè tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ tútù, élímẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Ẹ wò ó bí ó bá ya tàbí tó wú bí eéwo. Kí oníṣẹ́ iná yọ púlọ́ọ̀gì, kí ó tú wáyà ẹnu élímẹ́ǹtì, kí ó sì fi mítà wọn agídí rẹ̀, èyí tí à ń fi ohm kà. Ti 2,000 wáàtì gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí 26 hàn, ti 1,000 wáàtì nǹkan bí 53. Bí mítà bá fi hàn pé kò sí ọ̀nà rárá, ó ti já nìyẹn. Bí ó bá sì fi hàn pé ọ̀nà wà láti ẹnu wáyà sí ara irin òde, ewu ni, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá.

Ẹ̀kẹfà ni thermostat, ẹ̀yà tó ń ṣọ́ ooru. Nínú ọ̀pọ̀ ààrò, òróró wà nínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bí ó bá gbóná, òróró náà á fẹ̀, á sì ti súwíìṣì pa. Bí ọ̀pá yìí bá jábọ́ níbi tí wọ́n so ó mọ́ tó lọ sún mọ́ élímẹ́ǹtì, yóò máa parọ́ pé ooru ti tó. Olùṣọ́ kékeré mìíràn wà pẹ̀lú rẹ̀ tí ń gé iná bí ooru bá kọjá àlà. Bí ó bá gé e, ẹ wádìí ohun tó mú un gé e: ó lè jẹ́ pé fáànù kò yí, tàbí pé ẹ ti ẹ̀yìn ààrò mọ́ ògiri tí afẹ́fẹ́ kò fi rí ọ̀nà.

Ẹ̀keje, ẹ wo ilẹ̀kùn. Bí rọ́bà etí rẹ̀ bá ti gé, tàbí tí ilẹ̀kùn kò pa dé, omi inú apẹ̀rẹ̀ ni ooru yẹn.

Ẹ̀yin tí ọmọ tàbí àbúrò yín fi ààrò ránṣẹ́ sí láti Amẹ́ríkà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó fi sínú iná. Ọ̀pọ̀ ààrò orí tábìlì tibẹ̀, 120 fóòtì ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá fi sí 230 wa ní tààrà, iná tí yóò jẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ti tó láti sọ ọ́ di àlòkù. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò tó 1,000 wáàtì náà kò lè gbé ààrò 2,000. Ẹ má dà á láàmú.

Mo wá dé ibi tó ń dun mi jù. Nígbà tí oníṣẹ́ iná mìíràn bá rí i pé fíúsì ń já ṣáá, tàbí pé olùṣọ́ ooru ń gé iná, yóò ní, "Mo ti bá yín ṣe é ní dáírẹ́ẹ̀tì." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ti yọ olùṣọ́ kúrò, ó sì ti fi wáyà so ọ̀nà pọ̀. Ààrò á gbóná lóòótọ́, inú oníṣòwò á sì dùn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá a dúró lọ́jọ́ tí thermostat bá kọ̀ láti gé iná? Ẹni tó lé ọdẹ ilé lọ nítorí pé ó ń hó lóru, kí ó má yà á lẹ́nu bí olè bá wọlé. Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ bá gbọ́ "dáírẹ́ẹ̀tì", ẹ má sanwó. Ẹ sọ pé kí ó dá a padà sí bí ó ti wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà aláwọ̀ ewé àti ìyeyè tó ń lọ sí ẹsẹ̀ tó gùn jù lára púlọ́ọ̀gì. Kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Òun ló ń mú iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Bí ara ààrò bá ń ta yín lọ́wọ́ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Bí iná bá gbé ẹnìkan, ẹ má fọwọ́ kàn án: ẹ pa súwíìṣì ńlá, bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dúró lórí ohun gbígbẹ kí ẹ fi igi gbígbẹ tì í kúrò, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù. Ní ti máíkírówéfù, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ilé tú u rárá. Iná burúkú lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri, ó sì lè pa ènìyàn.

Bí ẹ bá rí i pé iná ni kò tó, kí ni ṣíṣe? Àkọ́kọ́, ẹ yan nǹkan yín ní ìdájí tàbí ní àsìkò tí ará àdúgbò ti sùn. Èkejì, bí ẹ bá fẹ́ ra sìtábíláísà, kí ó jẹ́ èyí tí agbára rẹ̀ ju ti ààrò lọ dáadáa. Ti fíríìjì kékeré kò lè gbé e, jíjó ni yóò jó. Ẹ̀kẹta, kí gbogbo ará òpópónà yín kọ̀wé pọ̀ sí ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná. Kí ẹ má kọ ọ́ pé "iná wa kò dára" nìkan. Kí ẹ kọ ọjọ́, aago àti iye fóòtì tí ẹ wọ̀n fún ọ̀sẹ̀ méjì sínú ìwé náà, kí ẹ fi orúkọ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yín nìyẹn. Ìwé tó ní iye nínú ṣòro láti jù sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí ẹ bá sì pe oníṣẹ́ iná, ẹ fi ọ̀wọ̀ bá a lò, ṣùgbọ́n ẹ ní kó fi hàn yín. "Fóòtì mélòó ló ń wọlé? Ohm mélòó ni élímẹ́ǹtì yìí?" Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí i. Ẹ gba ẹ̀yà àtijọ́ tó yọ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó tuntun.

Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Èyí tí mo fún yín lónìí, ẹ kò fi owó ra á ju ti ìwé ìròyìn yìí lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́ sẹ́yìn ààrò. Ẹ gé e, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná, lókè sọ́kẹ́ẹ̀tì, níbi tí ojú yín yóò ti máa rí i. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.